Ògiri Yàrá Màámi

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí a ti ṣe sí ilé wa láti ìgbà tí a ti rà á, ọ̀kan ṣoṣo ló máa ń bà mí nínú jẹ́, ojú kò sì lè rí i. Ẹ lè wọ ilé wa, kí ẹ jókòó, kí ẹ jẹun, kí ẹ tilẹ̀ sùn mọ́jú, ẹ ò ní mọ̀ pé a fi ohunkóhun sínú ògiri. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi síbẹ̀. Mo jà fún un, mo sì borí. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá jẹ́ kí ọkọ mi borí lọ́jọ́ náà, kí n sì máa bínú sí i títí dòní.

Ilé àtijọ́ ni ilé wa, ní apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston, kò jìnnà sí Stafford. Bíríkì ni ara rẹ̀ níta, pátákó funfun ni nínú, àlàfo kan sì wà láàárín méjèèjì tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju afẹ́fẹ́ àti alántakùn lọ. Àwọn tó kọ́ ọ ò ro ti ooru mọ́ ọn rárá, àfi bíi pé ìlú mìíràn ni wọ́n rò pé àwọn ń kọ́lé sí. Ilé náà dára o, mi ò ní bú ilé tí mo fi òógùn ojú rà. Ṣùgbọ́n yàrá kan wà níbẹ̀ tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, kò sí igi kankan níwájú rẹ̀, láti ọ̀sán ni oòrùn ti máa ń na ògiri rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tí ẹ bá gbé ọwọ́ lé ògiri yẹn ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rò pé ẹnì kan ń dáná lẹ́yìn rẹ̀.

Yàrá yẹn la fún Màámi.

Kì í ṣe pé a ṣa èyí tó burú jù fún wọn. Òun ló sún mọ́ balùwẹ̀ jù lọ, eékún wọn ò sì gbádùn, ẹ̀yìn náà ń dùn wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́. Lẹ́yìn tí bàbá mi kú ni wọ́n wá sọ́dọ̀ wa. Ìkirè ni wọ́n ti wá, nínú ilé tí bàbá mi kọ́, tó jẹ́ pé àwọn nìkan ló kù síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn adìyẹ aládùúgbò tó máa ń wá jẹ̀ ní àgbàlá. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé gan-an ni wọ́n ti là á mọ́lẹ̀ fún mi nínú ọkọ̀, ká tó kúrò lójú freeway.

“Mo wá kí yín ni o. Bó bá rọ̀ mí lọ́rùn, màá pẹ́. Bí kò bá rọ̀ mí lọ́rùn, ẹ ó dá mi padà sílé.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n padà lọ dá gbé. Bí wọ́n bá ṣubú ní Ìkirè, ta ni yóò gbé wọn dìde? Ta ni yóò tilẹ̀ mọ̀? Mo wá sọ ara mi di ọlọ́pàá ìrọ̀rùn. Mo pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ọkọ mi so irin mọ́ ara balùwẹ̀ kí wọ́n lè máa rí nǹkan dì mú. Ata tó bá ta jù ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa ní Stafford, òun ni mò ń rà, torí Màámi ní ata òyìnbó ò mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́. Gbogbo ohun tí mo bá ti wò nínú ilé, ìbéèrè kan náà ni mò ń bi í: ìwọ yìí, ṣé o máa jẹ́ kí Màámi dúró àbí o fẹ́ lé wọn lọ?

Ọmọ wa obìnrin, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa oògùn ní yunifásítì kan ní Austin, wà nílé pẹ̀lú wọn ní gbogbo ìsinmi ìgbà ooru yẹn. Ọkọ mi máa ń jí lọ sí Baytown ní kùtùkùtù, nítorí ẹnjiníà ni ní ilé ìfọpo kan níbẹ̀. Èmi náà kì í tètè dé láti ọsibítù tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ohun tí ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ ń ṣe nílé láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, mi ò mọ̀, mi ò sì bèèrè. Mo máa ń pe ilé, mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ìsinmi parí, ọmọ padà síléèwé, ooru ò parí. Lọ́jọ́ kan mo tètè dé. Mo kan ilẹ̀kùn Màámi, mi ò gbọ́ ìdáhùn, mo ṣí i. Ooru inú yàrá náà kọlù mí lójú. Màámi jókòó sórí àpótí kékeré kan lẹ́bàá ògiri ìwọ̀-oòrùn, wọ́n ti bọ́ bùbá sílẹ̀, ìró nìkan ló wà nídìí wọn, wọ́n fi ìhòòhò ẹ̀yìn ti ògiri. Ojú wọn wà ní pípadé. Òógùn ń ṣàn lọ ní àyà wọn.

Mo figbe ta. “Màámi! Ooru ti fẹ́ pa yín!”

Wọ́n ta gìrì, wọ́n fa ìró sókè bo àyà. “Ooru wo? Kò sóhun tó ṣe mí. Mo kàn fẹ̀yìn ti ògiri ni.”

“AC ńkọ́? Kò ṣiṣẹ́ ni?”

“Ó ń ṣiṣẹ́. Mo ti ilẹ̀kùn kó má wọlé ni.”

Ẹ wo bí èèyàn ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ ò sì ní wọ etí rẹ̀. Mo ti kó omi tútù dé, mo ti ń fi aṣọ tútù nù wọ́n lọ́rùn, mo ti ń ka bí ọkàn wọn ṣe ń lù. Ẹ má dá mi lẹ́bi jù. Lọ́dọọdún, tí ooru bá ti mú ní ìlú yìí, a máa ń gba àwọn arúgbó tí ooru dá dùbúlẹ̀ nínú ilé ara wọn, àwọn mìíràn kì í sì í bá ẹsẹ̀ ara wọn jáde. Mo ti pa ojú irú wọn dé rí. Ẹ̀rù ló bà mí, ẹ̀rù náà sì bá mi wọ ilé ìdáná, ó dúró tì mí títí ọkọ mi fi dé.

Kó tó bọ́ bàtà ni mo ti sọ fún un pé a gbọ́dọ̀ ṣe ògiri yẹn. Mo ti gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́nu ẹnì kan níbi iṣẹ́: wọ́n á lu ihò wẹ́wẹ́ sí àárín bíríkì láti ìta, wọ́n á ti rọ́bà bọ̀ ọ́, wọ́n á sì fẹ́ nǹkan kan tó rí bí òwú sínú àlàfo náà títí á fi kún dẹ́múdẹ́mú. Ooru ò ní lè gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Òwú ògiri ni mo sọ ọ́ ní tèmi.

Ẹ ó rò pé ẹnjiníà á dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ọkọ mi fajú ro.

“Mummy, jẹ́ ká fara balẹ̀. Houston la wà o. Tí òjò àti ìjì bá ń bọ̀ láti ìhà òkun Gulf, bíríkì máa ń mu omi ni. Àlàfo yẹn ló ń jẹ́ kó gbẹ. Tá a bá dí i pa, ògiri á bu sínú bíi búrẹ́dì. Ká kọ́kọ́ ṣe òkè àjà. Tàbí ká gbin igi síwájú ibẹ̀.”

“Igi? Kí Màámi máa dúró de igi?”

“Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.”

“Ẹ̀sọ̀ wo, Daddy? Ṣé kí wọ́n di àsun tán kẹ́ ẹ tó ṣe tán?”

Ó rẹ́rìn-ín, mi ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò rọgbọ. Bó bá ti jókòó sí tábìlì, màá ti gbé ọ̀rọ̀ ògiri ka iwájú rẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ. Ó ní òun ò kọ̀, òun kàn fẹ́ kí a bi ẹni tó mọ̀ ní ìbéèrè nípa omi. Mo ní ẹni tó bá ń bèèrè ìbéèrè nígbà tí ìyá èèyàn ń jó, ìyá tirẹ̀ kọ́ ló ń jó. Ọ̀rọ̀ yẹn le, mo mọ̀ pé ó le kó tó jáde lẹ́nu mi. Ìyá tirẹ̀ ti kú, ó sì fẹ́ràn tèmi bí ojú.

Bó ṣe gbà pé kí wọ́n wá wo ògiri nìyẹn. Òyìnbó kan dé láti ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n júwe fún wa. Màámi wà nínú pálọ̀ pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú yàrá ni. Ọkùnrin náà mú kámẹ́rà kan dání tó jẹ́ pé ooru ló ń yà, kì í ya ojú èèyàn. Ó gbé e sí ògiri ìwọ̀-oòrùn, ó sì pè wá pé ká wá wò ó. Gbogbo ògiri náà pọ́n bí epo inú ìkòkò. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀, nínú pípọ́n yẹn, nǹkan kan wà níbẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀: ó fẹ̀ lókè, ó tín-ín-rín nísàlẹ̀, bí èjìká àti ẹ̀yìn ẹni tó jókòó.

Ọkùnrin náà bi wá bóyá ẹnì kan máa ń jókòó síbẹ̀. Mo ní ìyá mi ni, pé ooru ti mú wọn débi pé ó rẹ̀ wọ́n, wọn ò lè dá jókòó mọ́ láìfẹ̀yìn ti nǹkan. Ó mi orí, ó káàánú wa, ó sì sọ pé ohun tí òun ń tà á fi òpin sí gbogbo rẹ̀.

Ọkọ mi ò gbé ojú kúrò lára àwòrán náà. Ó fi Yorùbá bi mí, kí òyìnbó má bàa gbọ́. “Tí ooru bá ń yọ Mama lẹ́nu, kí ló dé tó jẹ́ ibi tó gbóná jù ni wọ́n lọ jókòó sí?”

“Àpótí wọn ló wà níbẹ̀.”

“Ta ló gbé àpótí síbẹ̀?”

“Ẹ̀yin ẹnjiníà, ẹ̀yin àti ìbéèrè,” ni mo wí, mo sì yíjú sí òyìnbó pé kó máa bá àlàyé rẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ìyá mi wà lára ògiri yẹn, tí a fi àwọ̀ kùn ún sí mi lójú, mo sì kà á bí ẹni tó ń ka ìwé tó dorí kodò.

Ọkọ mi ní ó kéré tán, ká bi Màámi fúnra wọn. Mo ní kò burú. Mo lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà.

“Màámi, a fẹ́ ṣe ògiri yàrá yín o.”

“Kí ló ṣe é?”

“Ooru ń gba ibẹ̀ wọlé. A fẹ́ fi nǹkan dí i nínú, kí yàrá yín lè máa tutù bíi ti pálọ̀.”

“Ẹ fi ògiri mi sílẹ̀. Kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.”

Kí ẹ tó bínú sí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi. Ní ilé wa, bí o bá gbé ẹran fún Màámi, wọ́n á ní rárá, àwọn ti yó. Ọmọ tó bá gbé àwo náà padà, wọ́n á ní ta ló bí irú èyí. O gbọ́dọ̀ gbé e síwájú wọn. Bí wọ́n bá tún ní rárá, o gbọ́dọ̀ fi í sí wọn lọ́wọ́. Bí bàbá mi bá ra ìró tuntun fún wọn, wọ́n á ní kí lẹ fẹ́ fi owó ṣòfò sí, wọn ò ní gbà á. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, ìró tuntun ló ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Àwa ọmọ ti mọ rárá àgbà. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Mo sì gbà pé ọmọlúwàbí ni mí.

“Ẹ má tijú, Màámi,” ni mo wí. “Tọkàntọkàn la fẹ́ fi ṣe é.”

“Kì í ṣe ìtìjú, ọmọ mi. Ògiri yẹn dára bó ṣe wà.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo fọwọ́ gbá wọn léjìká pẹ̀lẹ́, mo padà sọ́dọ̀ ọkọ mi. Mo ní Màámi ti gbà.

“Ṣé wọ́n gbà ni, àbí wọ́n ní rárá?”

“Daddy, ẹ ò mọ Màámi.”

Nítorí eruku, mo ní kí Màámi lọ lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ní The Woodlands. Nígbà tí ọkọ̀ ti wà ní títàn, wọ́n ní àwọn gbàgbé nǹkan kan, wọ́n padà sínú yàrá. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Mo fun fèrè ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, mi ò rí nǹkan kan lọ́wọ́ wọn, mo sì rò pé wọn ò rí i ni.

Iṣẹ́ náà ò gba àkókò. Àwọn òṣìṣẹ́ lu ihò wọn, ẹ̀rọ wọn han gooro, òwú wọ inú ògiri, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí ojú ihò, wọ́n lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ mo wọ yàrá Màámi, mo gbé ọwọ́ lé ògiri. Ó tutù. Oòrùn wà níta tó ń na bíríkì bó ṣe máa ń nà án, nínú ibí yìí kò sí ohun tó jọ ọ́. Mo jó. Èmi nìkan, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, mo jó nínú yàrá yẹn bí ẹni tó gba ìyá rẹ̀ lẹ́nu ikú.

Nígbà tí Màámi padà dé, mi ò jẹ́ kí wọ́n jókòó. Mo fà wọ́n lọ́wọ́ wọ yàrá, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ wọn lé ògiri. “Ẹ wo bó ṣe tutù!”

Wọ́n fi ọwọ́ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n sún un síwájú, wọ́n sún un sísàlẹ̀, níbi tí àpótí wọn máa ń wà. Wọ́n wá gbé ọwọ́ kúrò, wọ́n nù ún mọ́ ìró, bẹ́ẹ̀ kò sí ohunkóhun lọ́wọ́ náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n pe ọkọ mi wá, wọ́n sì ṣàdúrà fún wa. Àdúrà náà gùn. Wọ́n ní ẹni tó bá ro ire sí òbí, ọmọ tirẹ̀ á ro ire sí i. Wọ́n ní a ò ní fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa. Amín tí mo ń ṣe ń dún dé ìta. Mi ò mọ̀ títí dòní bí wọ́n ṣe rí ohùn tí wọ́n fi ṣe àdúrà yẹn.

Láti ìgbà yẹn ni Màámi ti ń wọ súwẹ́tà nínú ilé. Mo rò pé ọjọ́ orí ni. Wọ́n gba ìbọ̀sẹ̀ mi. Wọ́n gbé àpótí lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀fọn lé wọn wọlé. Ẹ̀yìn wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n gan-an, wọ́n á di ìbàdí mú kí wọ́n tó lè dìde, mo sì ń fún wọn ní oògùn tí wọn ò fẹ́ràn. Ìrọ̀lẹ́ kan mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá ọkọ̀ wa kejì níwájú ilé, níbi tí oòrùn ti ń pa á láti àárọ̀. Màámi ló jókòó sínú rẹ̀, wọ́n ti gbogbo fèrèsé, wọ́n gbé orí lé àga, ara wọn rọ̀ pẹ̀sẹ̀.

Ariwo tí mo pa lọ́jọ́ yẹn, àwọn aládùúgbò jáde. Mo ní ṣé wọn ò mọ̀ pé èèyàn ń kú sínú ọkọ̀ ní ìlú yìí ni? Mo ní ọlọ́pàá lè kó gbogbo wa. Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn, mo gbé e pamọ́ sí òkè kọ́bọ́ọ̀dù tí ọwọ́ wọn ò lè tó. Ẹ̀rù tuntun sì wọ inú mi: mo rò pé orí wọn ti fẹ́ máa lọ. Nọ́ọ̀sì tó wà nínú mi dìde. Ní tábìlì oúnjẹ mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n pé ọjọ́ wo la wà, oṣù wo la wà, ìlú wo nìyí.

Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀. “Ọmọ mi, ṣé o rò pé mo ti ń ṣiwèrè ni?”

“Ẹ má bínú, Màámi, mo kàn ń bèèrè ni.”

“Houston nìyí,” ni wọ́n wí. “Mo mọ̀ pé Houston nìyí.”

Kò pẹ́ sígbà yẹn tí wọ́n fi ní àwọn fẹ́ lọ wo ilé. Wọ́n ní ilé tí èèyàn ò bá gbé, á wó ni. Mo bẹ̀ wọ́n. Àbúrò mi wá láti The Woodlands, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ọkọ mi náà bẹ̀ wọ́n. Wọ́n fi ẹ̀rín dá gbogbo wa lóhùn, wọ́n ń di ẹrù. Mo bi wọ́n bóyá ẹnì kan ṣẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ṣẹ àwọn, pé ìtọ́jú tí mo fún àwọn, Ọlọ́run ló máa san án. Wọn ò sọ pé ibẹ̀ ò rọ àwọn lọ́rùn, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún mi lójú freeway lọ́jọ́ kìíní ohun tí wọ́n máa ṣe bí kò bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Mo sunkún láti pápákọ̀ òfurufú dé ilé.

Ọmọ wa obìnrin ò sí nílé nígbà tí wọ́n lọ. Ìsinmi ìparí ọdún ló gbé e dé. Ó gbé àpò sílẹ̀, ó lọ tààrà sínú yàrá Màámi, ó ní òun ṣáà fẹ́ jókòó síbẹ̀. Mo wà nínú ilé ìdáná tí mò ń gé àlùbọ́sà nígbà tó jáde.

“Mummy, kí ló ṣe wall Grandma?”

“A ti ṣe é. Ṣé o rí i pé ooru ò wọlé mọ́?”

“But why? It's cold. Ibẹ̀ la máa ń jókòó sí.”

“Ẹ̀yin wo?”

“Me and Grandma. Every day, that whole summer. Tó bá ti tó four o'clock, á ní, ‘Wá, ògiri ti gbóná.’ Then we'd shut the door kí AC má wọlé, we'd put our backs on it.” Ó yíjú, ó fi ẹ̀yìn ti fíríìjì láti fi hàn mí, ó dijú, ó sì rí gẹ́lẹ́ bí mo ṣe bá Màámi lọ́jọ́ yẹn. “She said nígbà tí òun wà ní kékeré, gbogbo wọn ń jókòó bẹ́ẹ̀ sí ara ilé wọn ní evening, pẹ̀lú mummy ẹ̀. She said it takes the pain out of her back. She said ìyẹn nìkan ló gbóná ní gbogbo America.” Ó wò mí. “Mummy? You didn't know?”

Mo ní àlùbọ́sà ló ń ta mí lójú. Ọmọ náà ò gbà, ó kàn wá dì mọ́ mi.

Mo bi ọkọ mi ní alẹ́ bóyá a lè yọ ọ́. Ó ní ohun tí wọ́n bá ti fẹ́ sínú ògiri báyẹn, àfi tá a bá fẹ́ tú bíríkì. Kò sọ pé òun sọ fún mi. Ká ní ó sọ ọ́ ni, ǹ bá rí ẹni bá jà. Ògiri náà ò tilẹ̀ bu, omi ò wọ̀ ọ́, iṣẹ́ àwọn ọkùnrin yẹn mọ́ kanlẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n mo rò pé ìwà burúkú ló ń bí àbámọ̀. Mi ò mọ̀ pé ìfẹ́ náà ń bí i. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ kọ́ ni Màámi sọ fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Odidi ni. Èmi ni mo gé e sí méjì, tí mo fi tèmi dí àbọ̀ tó kù.

Ní Sátidé mo pè wọ́n lórí fóònù tó ń fi ojú hàn. Àárọ̀ ni lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ ti ń rọ̀ lọ́hùn-ún. Wọ́n wà níwájú ilé bàbá mi, lórí pákó kan, ọyẹ́ ti sọ gbogbo àyíká di funfun. Ẹ̀yìn wọn wà lára ògiri. Ara wọn yá. Wọ́n béèrè gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n béèrè ẹ̀kọ́ ọmọ-ọmọ wọn, wọ́n ní kí n máa jẹun. Mi ò lè fara dà á mọ́.

“Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi pé ẹ fẹ́ràn ògiri yẹn?”

Mo gbọ́ adìyẹ kan tó kọjá.

“Mo sọ fún ẹ, ọmọ mi. Ìwọ lo ní kí n má tijú.”

Kò sí ìbínú nínú ohùn wọn, bí ẹni tó ń sọ fún mi ibi tí mo gbé ìgò iyọ̀ sí ni. Mo bẹ̀ wọ́n, mo sunkún, mo ní kí wọ́n padà wá. Mo ní a máa wá nǹkan ṣe sí yàrá yẹn, a máa ra ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, a máa pa AC gbogbo ilé bí wọ́n bá fẹ́.

“Rárá, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “Ibi tí mo wà yìí dára.”

Mo la ẹnu. Gbogbo bí wọ́n ṣe tọ́ mi ló ti wà lórí ahọ́n mi, pé ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ Màámi, tọkàntọkàn ni, ẹ má tijú. Mo rí i tí wọ́n sún díẹ̀ lórí pákó wọn, kí wọ́n lè bọ́ sí ibi tí oòrùn ṣì wà lára ògiri.

“Mo ti gbọ́, Màámi,” ni mo wí.